Ọ̀rá Ara Ọkọ̀ àti Àpá Abẹ́ Ẹ̀

Ibi ọ̀rá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tia-rọ́bà rí, ìyẹn ọkọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, á mọ ọ̀rá tí mò ń sọ: èyí tí wọ́n fi ń wé àga inú ọkọ̀ àti ara ilẹ̀kùn kí ìdọ̀tí má baà dé ibẹ̀. Ó yẹ kéèyàn ya á dànù lọ́jọ́ tó bá gbé ọkọ̀ délé. Àwa kì í ya á. A ó fi í sílẹ̀, oòrùn á pa á títí á fi máa dún bí ewé gbígbẹ, ẹ̀yìn á máa lẹ̀ mọ́ ọn, bí èèyàn bá sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ńṣe ni á máa ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀ a kò ní ya á. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rá bá ṣì wà níbẹ̀, tuntun ni ọkọ̀ náà lójú gbogbo ẹni tó bá yọjú wò ó.

Èmi náà kò ya tèmi. Bàbá àwọn ọmọ mi sọ ọ́ títí ó fi sú u. Ó ní ṣé àga la rà ni àbí ọ̀rá. Àwọn ọmọ máa ń tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ọ̀rá yẹn kì í ṣe tiwa, ti ìyá mi ni.

Ìyá mi ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí tòsí ọ̀sà kó tó kú. Òwò ẹja ni Màámi fi tọ́ wa. Èmi ń gbé ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, nínú ẹ́sítéètì kan tí gbogbo wa ti máa ń jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a lè débi iṣẹ́ l'Ékòó. Èmi kì í tilẹ̀ gba orí ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìpakòdò, n ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ ni mo tìtorí ẹ̀ ra mọ́tò. Ìyá mi ni.

Ó ti pẹ́ tí bọ́ọ̀sì tí ìyá mi wọ̀ já sí kòtò lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ìyá mi kò fara pa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ obìnrin tó jókòó tì wọ́n kán. Obìnrin náà di ọwọ́ ìyá mi mú, ó ń sunkún títí àwọn èèyàn fi dé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa, kì í ṣe ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń lọ sí òde kan, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kan tó ń dán ní gáréèjì. Wọ́n jókòó, wọ́n gbójú wo ẹ̀yìn àga tó wà níwájú wọn, wọ́n sì rí ibi tí ó ya sí, tí wọ́n fi okùn àwọ̀n rán. Wọ́n mọ ibi tó ya yẹn. Bọ́ọ̀sì ọjọ́sí ni. Àwọn tó ni ín ti na irin ẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ pé àwọn kò ní wọ ọkọ̀ orí ilẹ̀ tí èèyàn ti sunkún nínú ẹ̀ rí.

Ẹ wá wò ó. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lára ọkọ̀ tí a ń wọ̀ nílẹ̀ yìí. Ta ló mọ àwọn tó sunkún nínú wọn lókè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá? Ìyá mi fi ara wọn sí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí eékún wọn wá ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí àtiwọ inú ọkọ̀ ojú omi di ìṣòro, wọ́n jókòó sí Ẹ̀pẹ́ kí a tó kó dé Ìgbògbò. Inú fóònù ni wọ́n ti mọ ilé mi. Wọ́n mọ àwọ̀ kọ́tìnì pálọ̀ mi, wọ́n mọ igi máńgòrò iwájú ilé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń fẹ́ nìyẹn: kí ìyá mi sùn nínú ilé mi, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lè gbé wọn. Ìdí tí n kò ṣe ra tòkunbọ̀ nìyẹn, tí mo fi tọ́jú owó títí mo fi lè ra tuntun.

Mo wà á lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú ọ̀rá lára ẹ̀. Àwọn ará ilé ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ààfáà àdúgbò wa gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀, wọ́n ṣe àdúrà gígùn, a ń ṣe àmín. Ìyá mi gbé àpò wọn dání, wọ́n ti wọ bàtà ìrìn àjò. Wọ́n fi ìdí jókòó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀, ọ̀rá sì gbé wọn yọ̀ síwájú.

Wọ́n ní, "Ṣé orí ẹja tútù lo ní kí n jókòó lé ni? Ya nǹkan yìí kúrò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, inú mi ò sì dùn. Ti àga rọrùn. Nígbà tí mo dé ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, etí ọ̀rá ti wọ abẹ́ rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ká. Mo fà á, kò wá. Mo fi agbára fà á. Ọ̀rá wá, rọ́bà bá a wá, tépù bébà kan, irú èyí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò, tó ti di mọ́ ibẹ̀ náà tẹ̀ lé wọn, ọ̀dà ọkọ̀ wà ní etí tépù náà. Bí mo ṣe wojú irin, ọ̀dà ibẹ̀ ń ṣí sókè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Mo fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù, ó já bọ́. Pọ́tì funfun ló wà lábẹ́ ẹ̀, èyí tí àwọn panẹ́bítà máa ń fi dí ojú ibi tí irin bá ti tẹ̀.

Ààfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní kò burú, àdúrà tí àwọn ṣe kan èyí tó ti ṣẹlẹ̀ náà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra gbé ìdí kúrò lórí àga, wọ́n padà síbi bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé àpò lé itan.

"Ta ló sunkún nínú ẹ̀?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Màámi."

"Ẹni tó tà á fún ẹ mọ̀."

Mo ń ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn lásán ni, pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pé ìrìn àjò náà kò jìnnà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí fún mi. Bàbá wọn máa ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì máa ń tún èyí tó bá ti gbó ṣe tà. Nínú agbo ilé wọn, bí èèyàn bá fẹ́ ta ọkọ̀ tí wọ́n ti lẹ̀, òun àti ẹni tó fẹ́ rà á ni wọ́n jọ máa wọ inú ẹ̀, wọ́n á wà á dé àárín ọ̀sà, wọ́n á sì wà á padà. Orí ibi tí wọ́n lẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń tà á máa jókòó sí. Bí omi bá máa wọlé, ìdí tiẹ̀ ni á kọ́kọ́ tutù.

Ìyá mi ní, "Lọ mú un wá. Kó wá jókòó ti ohun tó fi ọ̀rá bò. Tó bá bá mi jókòó dé ilé rẹ, mo ti gbà."

Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ padà sí Ìgbògbò, àga ẹ̀yìn ṣófo, ọ̀rá ká jọ sínú búùtù. Nílé, bàbá àwọn ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ lọ́yà. Mo ní kó jẹ́ kí Màámi kọ́kọ́ dá ẹjọ́ tiwọn ná.

Ọkùnrin tó tà á fún mi kò ju ẹgbẹ́ àbúrò mi lọ. Ó máa ń bá ọ̀gá kan ta ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ẹ̀, ó kọ́kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Mo gbé tépù náà sórí tábìlì ẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn òyìnbó náà ló lẹ èyí mọ́ ọn. Ó wo tépù náà, ó wò mí, ó wá fà á sọ́dọ̀ ara ẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi pa mọ́ sápò.

Ó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń já ọkọ̀ náà sílẹ̀ lórí tírélà tó gbé e wá, ó yọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó géètì wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Wọ́n pe panẹ́bítà, ó ṣe é dáadáa, wọ́n ra ọ̀rá lọ́jà, wọ́n sì fi wé e padà. Ó ní kì í ṣe pé àwọn fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ó kàn jẹ́ pé tí àwọn bá sọ ọ́, n kò ní rà á. Ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ilẹ̀kùn kọ́ ni mo bá wá. Mo sọ ohun tí ìyá mi wí fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò bá a rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé:

"Orí ibi tí wọ́n lẹ̀ gan-an?"

"Orí ẹ̀ gan-an ni."

Ó fọwọ́ ra ojú. Ó ní, "Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ létí ọ̀sà ni mí, Àǹtí. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará omi."

Ọjọ́ Àìkú ló tẹ̀ lé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó wọ kàfùtáánì funfun, ó sì ra búrẹ́dì ńlá dání. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn iwájú ilé wa. Ìyá mi wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo fi ọ̀rá bò ó?"

"Àwa ni, Màmá. Ẹ má bínú sí wa."

"N kò bínú. Ta ló sunkún?"

"Kò sẹ́ni tó sunkún nínú ẹ̀, Màmá. Ọ̀gá mi nìkan ló sunkún, ìta ló sì dúró sí."

Mo rí i tí ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ìyá mi, wọ́n yáa fi etí gèlè nu ẹnu. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tìta kò kan àwọn. Wọ́n ní kó wọnú ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra. Èmi ń wakọ̀, àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn, ọkùnrin náà fara ti ilẹ̀kùn tí pọ́tì ẹ̀ hàn, kúlà ìkọ́kọrẹ́ wà láàárín wọn, ẹja yíyan tí wọ́n wé sínú bébà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá mi di ohun tí wọ́n ń dì mú lókè ojú fèrèsé mú ṣinṣin. Mò ń wò wọ́n nínú dígí. Níbi tí ọ̀nà bá ti gbọ̀n wá, wọn kì í wo ọ̀nà rárá, ojú ọkùnrin náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń bi í léèrè ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀dẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́, irú ẹja tí wọ́n ń pa níbẹ̀ báyìí. Ó ń dáhùn, ó ń dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ wá ń kúrú. Nígbà tí a kọjá Ìmọ̀tà, n kò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́.

Ìyá mi fọwọ́ kan èjìká mi. Wọ́n rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Dín ohùn rédíò yẹn kù. Ó ti sùn."

Mo wo inú dígí. Òótọ́ ni. Ó ti gbé orí lé ilẹ̀kùn tó ní àpá náà, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó ń hanrun.

Ìyá mi ní, "Ẹni tó bá mọ nǹkan burúkú nípa ọkọ̀ kò lè sùn báyìí nínú ẹ̀."

Wọ́n jọ̀wọ́ ohun tí wọ́n dì mú lókè. Wọ́n ṣí kúlà, wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ sínú ìdérí, wọ́n sì ń jẹun. Díẹ̀ ta sórí àga tí mo ti fi ọ̀rá tọ́jú láti ọjọ́ yìí. Mo ń wakọ̀ mi lọ. Láti ibẹ̀ dé Ìgbògbò, ohùn ìhanrun yẹn àti òórùn ẹja yíyan ló kún inú ọkọ̀ wa, ara mi sì balẹ̀ bí ara ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n.

Nígbà tí a délé, a jí ọkùnrin náà, ojú tì í. Ìyá mi fún un lẹ́ja méjì, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn fúnra wọn kò kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n lọ fọwọ́ kan igi máńgòrò tí wọ́n ti ń rí nínú fóònù, wọ́n ní ó kéré sí bí àwọn ṣe rò. Wọ́n wá wọlé, wọ́n sùn nínú yàrá tí mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láti ìgbà tí a ti kó wọ ibẹ̀. Ní òwúrọ̀, ohùn wọn ni mo gbọ́ ní kíṣìnnì, wọ́n ń bá àwọn ọmọ mi jà lórí bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò. Mo pẹ́ lórí ibùsùn kí n tó dìde, kí n lè máa gbọ́ ọ.

Ọ̀gá ọkùnrin náà ránṣẹ́ pé kí n gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n má gbé e lọ. Mo ní ó dáa, kí n jẹ́ kí wọ́n kàn fi ọ̀dà bo ojú ibẹ̀. Wọ́n tún ní rárá.

"Fi sílẹ̀ kí n máa rí i."

Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di òní, ojú funfun kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí mo bá lọ gbé wọn ní Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n máa ń lọ bá tààrà. Wọ́n á fi ọwọ́ lé e láti fi ti ara wọn, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n á gbé èkejì tẹ̀ lé e, wọ́n á sì ní kí n máa lọ.