Ìwàásù Tí Mo Lu Agogo Lé Lórí

Bàbá, ó di gbére o. Àjíkẹ́ yín rèé, ọmọ tí ẹ máa ń pè ní Kíákíá. Mo dé, mo sì ti pẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ní n ó wá gbé yín. Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni ẹ lọ. Èmi tí mo máa ń bá àgbà àti ọmọdé jà nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún, ọjọ́ méjì gbáko ni ọjọ́ tí mo dá fi pẹ́ ju tiyín lọ, kò sì sí ẹni tí n ó bá jà.

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sínú ìwé ìsìnkú yìí. Mo mọ ìyìn yín, n ó sì kọ ọ́, àmọ́ n kò ní fi bo ohun tí mo ṣe mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà kì í fẹ́ irú ìyẹn.

Bàbá oníwàásù, àgbẹ̀ alágbàdo, ọkùnrin gíga tí eruku pupa ọ̀nà Idigny mọ̀ ju bó ṣe mọ àwọn onízémíjàn, àwọn tó ń fi alùpùpù kérò, lọ! Ẹ̀yin ni ẹ máa ń fi ọ̀rá we Bíbélì kí ẹ tó gun alùpùpù, tí ẹ ó ní kí eruku ba aṣọ yín jẹ́, kó má ṣáà ba Ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń wọ oko olóko, tí ẹ ó bá wọn ya àgbàdo títí ojú á fi tì wọ́n, kí ẹ tó la ẹnu wàásù. Ẹ kì í lo ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ kò lè gbé dé ilé. Ìgbàgbọ́, ẹ ní ẹni tó gbin iṣu kì í hú u wò láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ń ta. Ìrònúpìwàdà, ẹ ní ẹni tó ń lọ sí Odomẹta tó wá bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Idigny, ẹkún kò wúlò fún un, orí alùpùpù ni kó yí padà. Ìgbàlà, ẹ ní ó dà bí omi kànga ilẹ̀ wa yìí: ó jìn, kò sí ẹni tí apá rẹ̀ gùn tó láti bù ú. Ẹlòmíràn ló ju okùn sílẹ̀. Tìrẹ ni kó o dì í mú.

Ẹ̀yin náà ni ẹ mú omi tútù wọ inú ìjọ. Ṣáájú yín, ẹni tó bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ á kàn kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, á sunkún díẹ̀, á lọ sílé. Ẹ ní rárá o, Ọlọ́run nìkan kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹ ní kó bu omi, kó gbé e fún ẹni tó ṣẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Bí onítọ̀hún bá mu ún, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò gbọdọ̀ hú u jáde mọ́ láyé. Mo rí tọkọtaya tó mu ún. Mo rí àwọn tó jọ pààlà oko tó mu ún. Ẹ̀yin nìkan ni n kò rí pẹ̀lú ife lọ́wọ́ rí.

Ìwàásù yín dùn, Bàbá, ṣùgbọ́n ó gùn. Àwọn ọmọ ìjọ máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹ bá ti ní “lákòótán,” kí obìnrin lọ gbé ẹ̀wà kaná, yóò jinná kí ẹ tó ṣe àmín. Nígbà tí mo ka ìwé ìṣàkóso òwò tán ní Kútọnu tí mo padà dé, mo sọ fún àwọn àgbà ìjọ láìyí ọ̀rọ̀ po pé ìsìn wa kò ní ètò. Mo ra agogo ọwọ́ kan. Mo kọ iye ìṣẹ́jú síwájú gbogbo nǹkan. Mo kọ́ àwọn akọrin pé bí agogo bá ti dún, kí wọ́n dìde kí wọ́n gbé orin lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà kùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Ọmọ mi sọ òótọ́. Bí agogo yìí bá dún lé èmi gan-an lórí, n ó jókòó.”

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ìkórè ọdún tó kọjá.

Iṣu kún iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà, àgbàdo kún ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ogún ìṣẹ́jú ni mo kọ fún ìwàásù. Àbúrò yín kan ṣoṣo, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Odomẹta, jókòó ní ìlà kẹta. Ẹnu ya gbogbo wa, nítorí kò tẹ ilẹ̀ ìjọ wa láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ohun tí ó máa ń rán sí yín láti ọjọ́ wọ̀nyí wá kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ bá mi sọ fún oníwàásù pé ìwàásù rẹ̀ dára, kó kọ́kọ́ ṣe é fún ara rẹ̀ ná.

Ẹ sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ bí ìṣe yín. Lẹ́yìn náà ẹ pa Bíbélì dé, ẹ ní, “Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo ti ń wàásù yípo rẹ̀ láti ogún ọdún ó lé.” Ẹ sọ bí ìyá yín ṣe kú nígbà tí àbúrò yín wà ní oko kòkó lápá Nàìjíríà. Ẹ sọ pé ẹ ránṣẹ́ sí i, pé àwọn àgbà ní kí ẹ dúró dè é fún ọjọ́ méjì péré. Ẹ ní òkú Kristẹni kò nílò kí wọ́n fi í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ sin ín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àbúrò yín dé ní ọ̀sán. Aṣọ funfun tó rà láti fi bo ìyá rẹ̀, bí ọmọ ti ń ṣe fún òbí, wà ní apá rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè kò tí ì gbẹ.

Gbogbo èyí, Màmá ló tún un sọ fún mi lẹ́yìn náà. Èmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ń fóònù àwọn àlejò tó kù lọ́nà. Mo ń gbọ́ ohùn yín, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Aago ọwọ́ mi ni mo ń wò. Wọ́n ní ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mú ife tánganran funfun kan jáde lábẹ́ àga ìwàásù, ẹ ní, “Àbúrò mi,” ó sì dìde ní ìlà kẹta.

Mo lu agogo.

Àwọn akọrin gbé orin bí mo ṣe kọ́ wọn. Ìlù bẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀dọ̀ mi, Bàbá, ẹ̀rín díẹ̀ wà lójú yín, ẹ gbé ife náà padà síbi tó wà, ẹ sì jókòó. Bàbá Odomẹta dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo kí i pé ẹ kú ìkórè. Nígbà tí ìsìn tán, tí mo ń palẹ̀ mọ́, mo rí omi nínú ife. Mo rò pé èyí tí ẹ mu kù ni. Mo dà á nù, mo fọ ife náà, mo gbé e pamọ́.

Nígbà tí Màmá ṣàlàyé fún mi, mo sáré wá bá yín, mo ní kí ló dé tí ẹ fi gbà kí agogo lásán pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ kò bá mi wí. Ẹ ní, “Àjíkẹ́, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu mi láti ogún ọdún, agogo rẹ kọ́ ló pa á. Mo kánjú nígbà tó yẹ kí n dúró. Mo tún dúró nígbà tó yẹ kí n kánjú. Má jọ mí.”

Mo sì jọ yín, Bàbá. Mo jọ yín bí ìbejì.

Ẹ kò lè gun alùpùpù mọ́ nítorí ìbàdí yín. Àbúrò yín kì í gbé fóònù yín. Ẹ ní kí n wá fi ọkọ̀ mi gbé yín dé Odomẹta, ibi tí kò jìnnà. Mo ní ó dára. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kí iṣẹ́ kan tán ní Kútọnu. Ìgbà kejì, òjò ba ọ̀nà jẹ́. Ìgbà kẹta ni mo wá ní ká ṣe é bó ṣe yẹ: ká kọ ìwé sí i, ká pe àgbà méjì kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí, ká mú ọjọ́ tí gbogbo ẹbí máa ráyè. Ẹ wá ní, “N kò bẹ̀ ọ́ ní ètò, ọmọ mi. Ọkọ̀ ni mo bẹ̀ ọ́.” Ìgbà yẹn ni mo tó ní n ó dé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ̀yìn ikú yín ni mo tó mọ èyí tó dùn mí jù. Màmá ní òun fẹ́ wá ọkọ̀ ẹlòmíràn fún yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ̀. Ẹ ní ọmọ tó lu agogo náà ló gbọ́dọ̀ gbé yín lọ, kí ó lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà parí, kí ẹrù rẹ̀ má bàa wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí tèmi lẹ ṣe dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ayé pé òní ni kí wọ́n ronú pìwà dà, ẹ jókòó, ẹ ń dúró de Kíákíá.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí n tó wá síbi òkú yín, mo wá ife tánganran náà jáde, mo bu omi, mo wa ọkọ̀ lọ sí Odomẹta. Mo bá àbúrò yín níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ ti lọ. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni ẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ ìkórè lẹ́yìn “àbúrò mi.” Mo ní n kò mọ̀, mo ní agogo ni mo lù lé e lórí. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè kù, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Mo na omi sí i. Ó gbà á, ó gbé e sójú fèrèsé.

Ó ní, “Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Òùngbẹ kò tí ì gbẹ mí.”

Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. Ó ní, “Aṣọ yẹn ṣì wà. Eku kò jẹ ẹ́.”

Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. N kò mọ̀ bóyá ó máa wá.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ètò ìsìn tó wà lójú ewé kejì. Èmi ni mo ṣe é, àmọ́ ẹ kò ní rí iye ìṣẹ́jú kankan níwájú ìwàásù. Agogo ọwọ́ wà nínú àpótí nílé mi ní Kútọnu. Mo sì ti sọ fún àwọn akọrin pé kí wọ́n má fi orin já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Níbi tó yẹ kí n kọ wákàtí tí a máa dé pósí sí, mo kọ pé: nígbà tí Bàbá Odomẹta bá dé. Àwọn ẹbí ní ṣé orí mi pé. Mo ní a kánjú sin ìyá, ẹ jẹ́ ká dúró sin ọmọ.

Bàbá kékeré ti Odomẹta, bí ẹ bá ń ka èyí, àga yín wà níwájú, lápá ọ̀tún. Ẹ mú aṣọ náà bọ̀. Ẹ má kánjú.

Bàbá mi, ẹ ti wàásù fún gbogbo ọ̀nà oko, ó rẹ̀ yín. Ẹ ní okùn wà nínú kànga. Mo dì í mú. Mo jókòó tì yín, n kò wo aago. Ẹ sùn re o, oníwàásù. A kò tí ì bo ojú yín.

Àjíkẹ́, ọmọ yín