Wáyà Tó Wà Lábẹ́ Ìlẹ̀kùn

Ràmọ́nì Ládòkun kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ panẹ́bítà ló ń ṣe ní Ṣakí, lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù. Kùmásí ló ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Gánà, ọdún mẹ́tàlá ló sì lò níbẹ̀ kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé. Ó padà dé pẹ̀lú àpótí irin iṣẹ́ kan, Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ tí í ṣe ọmọ Ìgbòho, àti Àwáwù ọmọ wọn tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá forí sọ igi, tí Ràmọ́nì bá tún un ṣe, ẹni tó rí i nígbà tó wó gan-an kò ní mọ ojú ibi tó ti wó. Á dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ojú kò bá rí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bá a pàdé. Àléébù kan ló ní: kò lè la ẹnu sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ kan ju agbára òun lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá ọdún 1981 pé, Alájì Mọ́nsúrù, tí ń ra ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ìlérò títí dé Ìṣẹ́yìn, gbé ọkọ̀ Pijó rẹ̀ wá bá a. Ó yọ àwòrán kan tí wọ́n fà ya nínú ìwé òyìnbó jáde nínú àpò agbádá.

"Ràmọ́nì, wo ọkọ̀ yìí dáadáa. Kí ni kò sí lára ẹ̀?"

Ràmọ́nì wò ó pẹ́. "N kò rí ọwọ́ ìlẹ̀kùn, Alájì."

"Bí mo ṣe fẹ́ kí tèmi rí nìyẹn. Kó dán láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ọwọ́ má rí nǹkan kọ́."

"Báwo lẹ ó ṣe wá máa ṣí i?"

"Ìwọ lo mọṣẹ́," ni Alájì wí. "N kò gbé e lọ sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo gbé e wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ràmọ́nì lára. Ó gba iṣẹ́ náà.

Ó tú ọwọ́ ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Ó gé páànù tó ṣe wẹ́kú ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi iná jó o mọ́ ọn díẹ̀ díẹ̀ kí irin má baà ká kò. Lẹ́yìn náà ló lù ú, ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó sì fi sánpépà àti omi gbo ó títí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń yọ̀ kọjá níbẹ̀ láìmọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Ó dí ojú kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. Ó fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n máa ti inú ṣí i. Ní ti tiwájú méjèèjì, ó so wáyà kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mọ́ ìdè inú ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó fà á gba ẹ̀gbẹ́ jáde sábẹ́ ọkọ̀, ó sì fi òrùka kékeré sí i lẹ́nu, lẹ́yìn táyà iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo táyà, á ki ọwọ́ bọ abẹ́, á fa òrùka, ìlẹ̀kùn á sì yọ díẹ̀.

"Èmi àti ìwọ nìkan ló mọ ibẹ̀," ni Alájì sọ. "Bí olè ò bá mọ̀ ọ́n, kò wúlò fún un."

Ṣùgbọ́n ohun kan ń da Ràmọ́nì láàmú. Níbi tí wáyà náà ti jáde nínú ìlẹ̀kùn, etí irin kan wà tó mú bí abẹ, tó lè máa gé wáyà náà díẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi já. Ó yẹ kí ó fi rọ́bà líle bò ó, kò sì sí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ní Ṣakí. Àfi kó lọ Ìbàdàn. Iléyá sì ku ọ̀tunla. Ó gé àgékù tíúbù kẹ̀kẹ́, ó wé e mọ́ ibẹ̀, ó fi okùn dì í. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọdún bá ti kọjá, òun á ní kí Alájì gbé ọkọ̀ náà padà wá.

Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ènìyàn yí ọkọ̀ náà ká ní Yídì, wọ́n ń fi ọwọ́ ra ìlẹ̀kùn. Alájì pe Ràmọ́nì síwájú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹni tó ṣe é nìyí." Kò sí bí Ràmọ́nì ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni etí rẹ̀ ti ń ṣọ́ ọ̀nà. Bó bá ń lu irin tó sì gbọ́ ìró Pijó yẹn, òòlù á dúró lókè. Á máa ro iye ìgbà tí wọn yóò ti fa òrùka náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Àmọ̀kẹ́ gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Bàbá Àwáwù, kí ló ń jẹ yín?"

Ó rò fún un.

"Ẹ lọ sọ fún un."

"Kí n ní mo ṣe iṣẹ́ tí kò pé fún un, lẹ́yìn tó ti yìn mí lójú ayé?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ta ni yóò bínú sí ìyẹn?"

Ràmọ́nì lọ lọ́jọ́ kejì. Ó bá àlejò mẹ́ta lọ́dọ̀ Alájì, tó ń ní kí wọ́n ṣí ọkọ̀ náà bí wọ́n bá lè ṣí i. Wọ́n ń tẹ ibí, wọ́n ń tẹ ọ̀hún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alájì rí i, ó ní, "Ràmọ́nì, ṣé kò sí nǹkan?"

"Mo ní kí n kí yín ni, sà."

Ó yí padà. Nígbà tó tún lọ, Alájì ti lọ Ìgbẹ́tì. Nígbà kẹta, ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọlé. Òjò dá, ọyẹ́ dé, eruku pupa bo ìlú, Ràmọ́nì kò tíì sọ ọ́.

Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kó tó di àkókò àìlà. Ràmọ́nì ń rẹ́ irin lọ́wọ́ nígbà tó rí Sàfúrátù, ìyàwó Alájì, tó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà.

"Bàbá Àwáwù, ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ìyá wà nínú ẹ̀."

Àdìjátù ìyá Alájì ni. Ibà ti mú un dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn láti gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti gbogbo gíláàsì nítorí eruku ọyẹ́. Alájì sọ̀ kalẹ̀ láti lọ mú káàdì ọsibítù tó gbàgbé sínú yàrá, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé. Kò tètè rí káàdì náà. Ìgbà tó jáde tó fa òrùka, òrùka àti àjákù wáyà ló bá a lọ́wọ́. Ìyá ni ì bá ti inú ṣí i, ṣùgbọ́n agbára àtigbé ọwọ́ kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ràmọ́nì gbé òòlù àti pínsà, ó sáré. Ilé Alájì kò jìnnà, ọ̀nà náà sì gùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ nínú ọkàn rẹ̀: mo mọ̀, mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó bá èrò tó yí ọkọ̀ ká. Ọwọ́ wọn ń ra ìlẹ̀kùn, wọn kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ dì mú. Alájì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá táyà, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìka rẹ̀.

"Mo ní kí wọ́n má fọ́ gíláàsì," ló wí, "orí ìyá mi wà lábẹ́ ẹ̀. Ràmọ́nì, bá mi ṣí i."

Ràmọ́nì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Wáyà tó já ti sún padà sínú ìlẹ̀kùn, pínsà kò ká a mọ́. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wáyà ti ibẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n eruku ti dì í. Bó ṣe fà á tó, kò mira. Ó dìde, ó fi ojú mọ́ gíláàsì. Ojú ìyá náà là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ yà, òógùn ń ṣàn wọ etí rẹ̀. Ràmọ́nì kan gíláàsì. Ìyá náà kò yíjú.

Kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lọ sí ìlẹ̀kùn iwájú tó jìnnà jù sí orí ìyá, ó na òòlù. Ti àkọ́kọ́ yọ̀, ó bọ́ sára ìlẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ dán, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọnú. Èkejì ló fọ́ gíláàsì. Ó ki ọwọ́ bọ inú, ó ṣí i, ó rá pálá dé ẹ̀yìn, ó ṣí ìlẹ̀kùn ìhà ẹsẹ̀ ìyá. Ooru tú jáde bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò lórí iná. Sàfúrátù fi omi tútù nù ún lójú, wọ́n gbé e jókòó díẹ̀, Alájì sì wa ọkọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì fífọ́.

Ràmọ́nì dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣa èéfọ́ gíláàsì nínú iyẹ̀pẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òkú ni wọ́n gbé lọ tàbí alààyè. Nígbà tó délé, ó ṣe àlùwàlá. Ó kírun àìlà, kò mọ iye rákà tó kí, ó tún un kí. Lẹ́yìn àlàásárì ni ẹnìkan wá sọ pé ìyá ti lajú, wọ́n ti fa omi sí i lára.

Ní ọjọ́ kẹfà, Ràmọ́nì lọ kí i. Òun nìkan ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ń rí gbogbo yín lójú gíláàsì lọ́jọ́ yẹn," ni ìyá náà wí. "Ẹnu yín ń mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní bóyá bí òkú ṣe ń rí èèyàn nìyẹn."

Omi bọ́ lójú Ràmọ́nì. "Ìyá, mo mọ̀ pé wáyà yẹn máa já. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é ni mo ti mọ̀."

Ìyá yíjú sí i. "Ṣé o sọ fún Mọ́nsúrù?"

"Rárá, mà."

"Lọ sọ fún un. Èmi kọ́ ni o máa sọ ọ́ fún."

Ó bá Alájì ní ilé ìkó-tábà sí, láàárín àwọn ìdì ewé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rò ó láti orí etí irin dé orí tíúbù kẹ̀kẹ́, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ń retí kí Alájì lé òun jáde. Alájì fi ẹ̀yìn ti ìdì tábà, ó ń wo ìka tó fi aṣọ wé.

"Dìde," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó ti tó oṣù kan tí òrùka yẹn ti ń le mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń fi ipá fà á. N kò fẹ́ gbé e wá bá ọ, kí àwọn èèyàn má baà ní ọkọ̀ tí mo fi ń yangàn ti bàjẹ́."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ràmọ́nì wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn láti wá ọwọ́ ìlẹ̀kùn mẹ́rin rà, Alájì sì bá a lọ.