Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà tí àwọn sójà wá gbé àbúrò mi ní ilé rẹ̀ ní Soje, nílùú Minna. Ayé ológun ni. Olùkọ́ ni òun náà bíi tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì ju pé ó kọ ìwé kan pé kí sójà padà sí bárékè. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí ìwé yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, èyí tí àbúrò mi fi bírò pupa tún ṣe létí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó fi bírò pupa tún ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì fún: ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé ní àdúgbò Jikpan, tí a jọ ń lọ sí ìjọ Àgùdà, tó máa ń fi ìjókòó han àwọn ènìyàn.

Mi ò bá a jà. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbé àbúrò mi lọ fún wa, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá pariwo, a lè má rí i mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọkùnrin náà jìyà, kí ó sì jẹ ẹ́ lójú mi.

Kí Máàsì tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń ka orúkọ àwọn tí a fẹ́ gbàdúrà fún: òkú, aláìsàn, aláboyún. Mo fi orúkọ àbúrò mi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Fàdá pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Tíṣà, wọ́n ti wá bá mi. Wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tó wà látìmọ́lé níbí mọ́."

"Ṣé wọ́n ní ká má kúnlẹ̀, Fàdá?"

Ó wò mí. "Wọn ò sọ ti ìkúnlẹ̀."

"Orin orílẹ̀-èdè ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn gan-an ló ni ín."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ka orúkọ dé ibi tó yẹ kí ti àbúrò mi wà, n ó dákẹ́, n ó sì kúnlẹ̀. Gbogbo ìjọ yóò kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, títí kan àwọn agùnbánirọ̀ tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Bí mo bá dìde, gbogbo wa yóò dìde, a ó kọjú sí àsíá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, a ó sì kọ orin orílẹ̀-èdè títí ohùn wa yóò fi dé títì. A kò rú òfin kankan.

Èmi ni mo ń pinnu ìgbà tí a ó dìde. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà fún mi. Ọkùnrin ará Jikpan náà sanra, orúnkún rẹ̀ kò sì dára. Bí ó bá dúró, gbogbo ìjọ yóò mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí ó bá kúnlẹ̀, àbúrò mi tó tà ni ó ń kúnlẹ̀ fún. Kò sì lè jókòó sílé, nítorí àwọn sójà rán an pé kí ó máa gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ó kúnlẹ̀. N ó ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run nínú mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n ó wo òógùn tó ń ṣàn létí rẹ̀, n ó sì tún kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i.

Ìyá àgbà kan tó ń jókòó lẹ́yìn mi fà mí láṣọ lẹ́yìn Máàsì.

"Tíṣà, ṣé ẹni tó ò ń fìyà jẹ yìí nìkan ló ní orúnkún ni?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin ẹ máa jókòó."

"Kí n jókòó kí wọ́n lè ní èmi ni mo lọ sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ fún sójà? Dín in kù."

Mo dín in kù fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo dá a padà.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọkùnrin náà wá bá mi nílé ní Dutsen Kura lọ́sàn-án gangan, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Haba, Tíṣà. Ẹ ro tèmi náà. Mo níyàwó, mo lọ́mọ."

"Àbúrò mi náà ní."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Níbo ló wà?"

Ó sọ ọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tó jìnnà, wọ́n sì fi orúkọ mìíràn kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń wá a kiri tí a kò rí i. Ó sọ orúkọ náà fún mi.

"Ẹ ṣáà dín ìkúnlẹ̀ yẹn kù."

"To, mo ti gbọ́."

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Àbúrò mi ti rù kan eegun, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, mo sì fi ọwọ́ mi bọ́ ọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ka Bàbá Wa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó dìde. Mo ní mo ti gbọ́ ni, mi ò ṣèlérí.

Lẹ́yìn tí olórí ìjọba ológun kú ni wọ́n tú àbúrò mi sílẹ̀. Nígbà tí a ń fún ara wa ní àlàáfíà nínú Máàsì, ó rìn lọ bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó." Èmi ò bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́ títí wọ́n fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Minna. Mo mọ̀ pé ohun tó yẹ kí Àgùdà kọ síbí yìí ni pé mo ti dárí jì í. Mi ò lè kọ ọ́, nítorí kì í ṣe òótọ́.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ṣáájú kí wọ́n tó gbé àbúrò mi, obìnrin kan nínú ìjọ wa ti bẹ̀ mí pé kí n ka orúkọ ọkọ rẹ̀ tí sójà mú. Mo ní kí ó ṣe sùúrù, pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Nígbà tí tèmi dé, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú mi láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì rán mi létí rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi kọ́gbọ́n: ẹ má dúró kí ó kan ọmọ ìyá yín kí ẹ tó kúnlẹ̀.