Bátìrì Mi Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí yunifásítì dé sọ́nà Ìdírókò, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ra ilẹ̀ tí a mọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́, àwa kan wà ní Ìyànà Ìyẹsí tí eré ìje mọ́tò kékeré ti wọ̀ lẹ́wù. Mọ́tò ọ̀hún ò ju bàtà lọ. Bátìrì ló ń gbé e sáré, rìmóòtù la fi ń darí rẹ̀. Àgbàlagbà ni wá o, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan la ti ń sá a. Sátidé tí mò ń sọ yìí ni a ó sá a kẹ́yìn, wọ́n fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Èmi ò sì tíì gba ipò kìíní rí.

Iná tí a ó fi ṣájì bátìrì ló ń dà wá láàmú. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ariwo jẹnẹrétọ̀ tiwọn ti tó, ká má gbé tiwa wá. Ọ̀rẹ́ mi kan, wẹ́dà ará Ọ̀yọ́ tó ń jó irin, fi wáyà há ṣájà tirẹ̀ mọ́ orí bátìrì mọ́tò ńlá tó ń wà. Kì í yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà. Èmi fẹ́ èyí tó yá. Mo bẹ bàbá tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì tàn fún ìpàdé àdúrà Sátidé náà, ó gbà kí n ki ṣájà mi bọ̀ ọ́.

“Àlàájì,” ló wí, “bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, màá pa á o.”

Bí èmi Mùsùlùmí ṣe dẹni tó ń tọrọ kí àdúrà pásítọ̀ gùn nìyẹn. Mo jókòó, mo dìde. Mo wo iná ṣájà: pupa. Mo rìn dé etí pápá, mo padà: pupa náà ni. Pásítọ̀ ní, “Ẹ jẹ́ ká dìde.” Ó tún ní, “Ẹ jókòó díẹ̀, ẹnì kan ṣì fẹ́ jẹ́rìí.”

“Alihamdulilahi!” Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

“Ẹ rọra o,” bàbá ní, “kí wọ́n má baà mú yín wọlé lọ ṣèrìbọmi.”

Wẹ́dà ké láti pápá: “Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ti ń to mọ́tò o! Àbí ẹ ti di díákónì ni?”

“Ó ku díẹ̀!”

“Díẹ̀ yín ò lópin. Ẹ yọ ọ́!”

Bí mo bá dúró, wọn á sá a láìsí mi. Bí mo bá yọ ọ́, kò kún. Mo fà á yọ.

Mo ṣáájú wọn. Mo ṣáájú títí dé ìyípo ìkẹyìn, mò ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Àfi bí mọ́tò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ti wẹ́dà kọjá lára rẹ̀ wìì.

“Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀gbọ́n!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n túká. Èmi ò lè lọ.

“Jẹ́ ká tún un sá,” mo sọ fún wẹ́dà, “èmi pẹ̀lú rẹ nìkan.”

“Bátìrì wo lẹ fẹ́ fi sá a?” Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ńlá rẹ̀. “Ẹ gbé e wá, kí n há a sórí tèmi. Ẹ ó jókòó o, mo ti sọ fún yín pé kì í yá.”

Mo jókòó. Mo dìde.