Mo Dáhùn Gbogbo Lẹ́tà Pàǹtí

Ní ilé tí wọ́n bí mi sí ní Gangare, ẹni tó bá gbọ́ sálámọ̀ tí kò dáhùn, ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Àáfà ni bàbá mi, Ìlọrin ló ti wá kó tó di ará Jos, ó sì kọ́ wa pé ọ̀ranyàn ni ká dá ìkíni padà, ì báà ṣe ọ̀tá ẹni ló kí wa. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ń ta oúnjẹ adìyẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀, n kò sì rú òfin náà rí. Òfin yẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi àgbà ṣí ímeèlì fún mi lórí fóònù, inú mi dùn débi pé mò ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jẹun àárọ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọkùnrin kan ní òun ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ tà fún mi ní ìlú tí n kò dé rí. Opó kan ní òkè òkun ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, pé èmi ni ọkàn òun yàn láti fi ogún ọkọ òun sí lọ́wọ́. Àwọn kan ní oògùn tó ń mú irun hù lórí apárí wà lọ́dọ̀ àwọn. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ kí mi dáadáa, wọ́n sì béèrè àlàáfíà mi. Mo dá gbogbo wọn lóhùn. Mo sọ fún onílẹ̀ pé mo ti ní ibi tí mò ń gbé, kí Ọlọ́run fún un ní oníbàárà. Mo ṣàdúrà ìwòsàn fún opó, mo ní kó wá ọmọ ìyá rẹ̀ kan fi ogún náà sí lọ́wọ́. Mo sọ fún àwọn oníirun pé ọkọ mi kò lápárí.

Wọ́n ń pọ̀ sí i. Bí mo bá dá ẹyọ kan lóhùn lónìí, mẹ́wàá á wọlé lọ́la. Kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ wú mi lórí, mo rò pé òkìkí mi ti kàn dé ìlú òyìnbó. Ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wo fóònù náà títí, ó ní, "Ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí ló mọ̀ ọ́?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé ìlara ló ń ṣe é.

Ohun tó ká mi lára jù nígbà náà ni ọ̀rọ̀ adìyẹ tí mò ń sìn. Ní àsìkò ọyẹ́, àrùn wọ ilé adìyẹ mi, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wọn fi kú. Mo pe ẹni tó máa ń fún wọn lábẹ́rẹ́ títí, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Ìgbà tó fi máa dé, ihò la ti ń gbẹ́ láti sin wọ́n. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé, mo sì pinnu pé n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni mọ́, ọwọ́ ara mi ni n ó fi máa fún adìyẹ mi lábẹ́rẹ́. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwọn olùsìn adìyẹ dá sílẹ̀ ní Vom fẹ́ kọ́ ogún ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fún adìyẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ náà gan-an ni mo fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ímeèlì ni àwọn máa fi fèsì.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, bàbá ẹ̀yà Berom tó máa ń gbé àgbàdo wá fún mi pè mí. A kí ara wa ní Hausa, a kí ilé, a kí iṣẹ́, a kí òtútù, ó wá ní, "Mama, ẹ kú oríire. Wọ́n gbà mí ní Vom, orúkọ yín náà sì wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣé ẹ ti dá wọn lóhùn? Ọ̀sán ọ̀la ni òpin. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀."

Orí mi wú. Mo jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ, mo dìde, mo tún jókòó. Wọ́n gbà mí, n kò sì mọ̀. Mo ṣí fóònù, lẹ́tà tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo ń fi àtàǹpàkò fà á wálẹ̀: opó, onílẹ̀, oníirun, opó mìíràn. N kò rí Vom. Ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó di Tina Junction.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ará Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kì í rìn jìnnà kí Hausa tó bá a gbé e. Òun ló bá mi fi ìwé ránṣẹ́ sí Vom lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Alhaja, sannu da zuwa. Ẹ jókòó ná."

Mo ní n kò ráyè ìjókòó. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kai. Alhaja, ẹ̀yin lẹ̀ ń dá gbogbo àwọn wọ̀nyí lóhùn?"

"Wọ́n kí mi. Ṣé kí n má dáhùn ni?"

"Wallahi, kì í ṣe ènìyàn ló ń kí yín. Ẹ̀rọ ni. Ó ń ju lẹ́tà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí ẹnì kan ń lò àti èyí tó ti di ahoro. Èyí tó bá ti dáhùn, shikenan, wọ́n ti mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á máa dà á bò yín, wọ́n á tún ta àdírẹ́sì yín fún àwọn míì."

Mo bi í pé opó yẹn ńkọ́. Ó ní kò sí opó kankan níbì kan. Inú bí mi gidigidi, nítorí àdúrà tí mo ti gbà fún ìyá yẹn pọ̀ ju èyí tí mo gbà fún ẹ̀gbọ́n ara mi lọ.

Obìnrin náà tẹ "Vom" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Kò sí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó wá ṣí àpótí kejì tí n kò mọ̀ rárá pé ó wà, ibi tí ẹ̀rọ máa ń da lẹ́tà tó bá fura sí. Ó ní nígbà mìíràn ó máa ń kó ọkà dànù mọ́ ìyàngbò. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Láàárín oògùn eyín àti tẹ́tẹ́ ni lẹ́tà Vom wà, ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀: a ti gbà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì. Mo di obìnrin náà mú débi pé gíláàsì ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

A fèsì lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ máa lọ, ó ní òun kò ní jẹ́ kí n gbé pàǹtí náà padà sílé. Ó kọ́ mi. Lẹ́tà ẹni tí n kò bá mọ̀, n kò gbọdọ̀ dáhùn, n kò sì gbọdọ̀ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n tẹ̀ kí wọ́n lè yọ mí kúrò, torí pé ìdáhùn ni ìyẹn náà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀, tí mo fọwọ́ ara mi fún ní àdírẹ́sì, ìyẹn ni mo lè sọ fún pé kó yọ mí. Àwọn tó kù, kí n tẹ̀ wọ́n ní pàǹtí, bọ́tìnì tó ń jù wọ́n sínú àpótí kejì yẹn. "Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀rọ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́," ó ní. "Ẹni tí ẹ bá ti pè ní pàǹtí, ó máa dá a lọ́nà."

Àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀, ó ṣe mí bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò lójú. Nígbà tí mo tẹ ìkẹwàá, ẹ̀rín ni mò ń rín. Onílẹ̀, jáde. Oníirun, jáde. Ìyá opó, ìwọ náà, máa lọ. Àwọn tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì kó jọ sẹ́yìn mi, wọ́n ń nawọ́ sí èyí tó kàn. Ọdún tí mo ti gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, n kò rántí. Wọ́n ń pe ìrun àsárì kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Vom kò fèsì. Bàbá alágbàdo sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ pé bí òun ṣe dáhùn báyìí ni wọ́n ti kọ̀wé padà pé àwọn ti rí i. Mo yẹ àpótí méjèèjì wò, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ìborùn méjì wé orí nítorí òtútù, mo wọ mọ́tò dé Bukuru, mo wọ òmíràn dé Vom. Aago mọ́kànlá ti kọjá kí n tó rí ọ́fíìsì wọn.

Akọ̀wé wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, wo ìwé iwájú rẹ̀. Hausa ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Mama, ẹ̀yin nìkan ló kù tí a kò rí ìdáhùn yín. Mo ti fẹ́ pe ẹni tó kàn."

"Mo ti dáhùn lánàá."

"Kò dé ọ̀dọ̀ wa."

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì nà án jáde bí ọ̀mọ̀wé. "Don Allah, ṣí àpótí kejì."

Ó ṣí i. Ó ń fà á wálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà mẹ́tàlá. Ìdáhùn àná ló wà lókè. Méjìlá tó kù jẹ́ àdúrà Jímọ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ ní ímeèlì sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá wà nínú fóònù mi, pẹ̀lú àwòrán òdòdó, torí àwọn ọmọ mi ti bẹ̀ mí kí n má fi dí wọn lọ́wọ́ lórí wọ́ọ̀sáàpù mọ́. Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí Vom, àwọn náà ti bọ́ sínú ẹni tí mò ń kí.

"Mama, yi haƙuri," ni akọ̀wé náà fi bẹ̀ mí, kò lè wò mí lójú. "Èmi ni mo tẹ̀ yín ní pàǹtí. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn ni."

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé mi, n kò lè dá a dúró, mo di tábìlì rẹ̀ mú. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìdáhùn mi jáde, ó fi bírò sàmì sí orúkọ mi lórí ìwé, ó ní ọjọ́ Ajé ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá kí òun yọ àwọn tó kù náà kúrò nínú pàǹtí.

"Fi wọ́n síbẹ̀," ni mo sọ fún un.