Ẹkún Tí Mùsílímátù Sun ní Erúnmu

Ẹni tó bá sọ fún yín pé àìgbọràn ló ba ayé Mùsílímátù jẹ́, ẹ bi í bóyá ó wà ní Erúnmu lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi wà níbẹ̀. Títíladé lorúkọ mi, tíṣà ni mí níléèwé ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wa sì fara ti ilé wọn. Ohun tí mo fojú rí ni mo ń sọ. Ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú, kó di etí rẹ̀.

Opó ni ìyá rẹ̀, wọ́n ń fọ́ ẹkùrọ́, wọ́n ń ṣe àdín tà. Rùkáyátù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Sàníù là ń pè wọ́n, nítorí Sàníù àgbẹ̀ ni àkọ́bí wọn. Mùsílímátù ló tẹ̀ lé e. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń pe ọmọ yìí ní Mùsílímátù nílé. Àṣàkẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é, bí inú bá ń bí wọn, bí inú wọn bá dùn. Bí wọ́n bá ti fa "Àṣàkẹ́ẹ̀" yẹn gùn lójúde, àwa ará ilé kejì ti mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná nílé wọn nìyẹn.

Ní 1957, ẹgbẹ́ eré kan ti Ìbàdàn wá sí ìlú wa. Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah ni ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan tó ti ń ṣeré nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó tó ra ògbólógbòó lọ́rì, tó sì sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Mùsílímátù tẹ̀ lé wọn lọ. Ìyá rẹ̀ bínú, wọ́n ní òun kò bí ọmọ fún alárìnjó. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá kí wọn lọ́dún iléyá, wọ́n bu ẹran fún un, wọ́n tún pè é ní Àṣàkẹ́. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré nígbà náà. Kò sí ìwé kankan. Ọ̀gá á kó wọn jọ sẹ́yìn lọ́rì, á ní: "Ìwọ lọkọ. Ìwọ lolè. Mùsílí, ìyá rẹ kú, o ti ìrìn àjò dé, o bá òkú nílẹ̀, o sunkún." Ó parí. Ọ̀rọ̀ tí kálukú máa sọ, inú ara rẹ̀ ni yóò ti wá a. Mùsílímátù sì mọ ẹkún í sun. Ní Ìjàyè, ní Akanran, ìborùn làwọn obìnrin fi ń nu ojú. Orúkọ tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ló fi ń sun ún, ìlú ò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 1959 ni wọ́n gbé eré náà dé Erúnmu, nínú ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. Ìyá Sàníù kò wá, wọ́n ní àdín àwọn wà lórí iná. Mùsílímátù wọlé, ó bá "òkú" nílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí gbogbo ojú tó ti mọ̀ láti kékeré. Bóyá ohun tó mú un nìyẹn, n ò mọ̀. Ó la ẹnu, oríkì ìyá tó bí i lọ́mọ ló jáde.

"Àjíkẹ́ o! Àjíkẹ́ ọmọ abẹ́-ọ̀pẹ-tutù, ọmọ a-gbóhùn-àlejò-gbómi-kaná! Àjíkẹ́ lọ, ó fi mí sílẹ̀!"

Ta ni kò mọ oríkì Ìyá Sàníù ní Erúnmu? Ìyá àgbà kan fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ìyá Sàníù ti kú! Ìròyìn ló bá ọmọ yìí lórí eré!"

Bí àwọn obìnrin ṣe tú síta nìyẹn. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mò ń pariwo pé, "Eré ni o! Eré ni!" Ta ní ń gbọ́? Ìyá Sàníù jókòó ti ìkòkò àdín wọn, wọ́n ń rò ó lọ́wọ́, àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ oríkì ara wọn tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n dìde.

"Ta ló kú?"

Ìyá àgbà yẹn kò lè panu dé. "Ìyá Sàníù," ó ní, "ẹ̀yin ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, ẹ̀rín náà sá. A kì í fi ẹnu ẹni pe ikú sí òbí ẹni. Ọmọ wọn pè é, gbogbo ìlú sì bá a gbè é. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣe sàráà, lèmọ́mù ṣàdúà. Mùsílímátù wá kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ forí jì mí. Ẹnu mi ló yọ̀."

"Mo gbọ́. O ti sin mí. Má fi oríkì mi ṣeré mọ́ láéláé. Máa lọ, Mùsílímátù."

Mùsílímátù! Bí ìgbà tí akọ̀wé ẹjọ́ ń pe ẹni tó fẹ́ rojọ́. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní Àṣàkẹ́ mọ́. Ó wá bá mi nílé, ó sọ ọ́ jáde: "Àǹtí Títí, kí wọ́n pè mí ní Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé mi. N ò wá nǹkan míì." Ó ro mí lára gan-an.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó ń kọ eré nìyẹn. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ahọ́n ẹnikẹ́ni kò ní lọ gbé ìyá rẹ̀ jáde láti ilé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní a-b-d. Ilé kéwú ló lọ ní kékeré, nítorí náà apá ọ̀tún ìwé ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀. A jà lórí ìyẹn títí. Hezekiah fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ta ní ń kọ ẹkún sílẹ̀?" Ó tún fẹ́ fi í ṣaya kẹta, kó má baà lọ. Mùsílímátù lọ.

Nígbà tó fi máa di 1963, ó ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Òfin kan ló fún wọn: ẹni tó bá fi orúkọ tàbí oríkì ẹbí rẹ̀ kún ọ̀rọ̀ tí òun kọ, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà ìjà òṣèlú, tí wọ́n ń dáná sunlé kiri, tí ọ̀nà kò ṣeé rìn, ó jókòó tì mí, ó ń kọ ọ́ lọ. Bó bá sì ti parí ọ̀kan, á lọ pe ìyá rẹ̀ wá wò ó. Èsì kan náà ni: "Òkú kì í wòran, Mùsílímátù."

Ní 1967, ó kọ eré ìyá kan tó ń retí ọmọ rẹ̀ láti ìdálẹ̀. Ìyá náà kò kú nínú rẹ̀; ọmọ dé, wọ́n jọ jẹun. Bóyá àgbà ló rọ Ìyá Sàníù lọ́kàn, n ò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti wá. Sàníù fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ọjọ́sí náà. Aṣọ tí wọ́n fi ń lọ yídì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n jókòó tì mí níwájú, wọ́n na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè.

Eré náà dùn. Bó ti parí, Mùsílímátù sáré wá, àtíkè ṣì wà lójú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ó dára. Ìyá ta ni ìyẹn?"

"Kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rò ó."

"Mo ti ń retí kí n gbọ́ ara mi. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti sin mí náà ni wọ́n á ti jí mi. N ò sí níbẹ̀ rárá."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi oríkì yín ṣeré mọ́, Ìyá mi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo lo ti ń gbọ́ tèmi? Mo ní má lọ ṣeré, o lọ. Èyí tó yẹ kó o kọ etí ikún sí lo wá gbọ́, Mùsílímátù."

Ìyá dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bí àgbàdo bá gbó, wá sílé. N ó ki oríkì mi fún ẹ dáadáa. Èyí tó o sun lọ́jọ́sí, kò tó ìdajì."

Inú rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Ṣùgbọ́n àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ni ibà mú Ìyá Sàníù, kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti ń gbẹ́ sàárè kí Mùsílímátù tó dé.

Wọ́n sin wọ́n tán, gbogbo obìnrin jókòó sí àgbàlá, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Kò sunkún. Ó dúró gbọnin. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń ráhùn: "Ẹkún tó ń sun fún òkú irọ́ káàkiri dà? Ojú rẹ̀ gbẹ sí ìyá ara rẹ̀!" Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá ẹnìkan létí. Wọ́n ò mọ̀ pé bó bá sun ún, àwọn kan náà ni yóò ní eré ló ń ṣe.

Mùjíbátù, àbúrò ìyá rẹ̀, dìde, wọ́n gbá a mọ́ra.

"Àṣàkẹ́," wọ́n ní, "sunkún. Kò séèwọ̀ mọ́."

Ó rọra yọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Mùsílímátù ni ìyá mi ń pè mí títí wọ́n fi lọ."