Inú Wọ́dúróòbù Ni Mo Ti Gbọ́ Ohùn Mi

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan máa ń tètè bà lẹ́rù. Sabon Gari ní Kano ni wọ́n bí mi sí, Niger Street ni mo ti dàgbà, ojú mi ti rí tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ohùn ara mi látinú téèpù, orí àpò ìrẹsì ìyàwó mi ni mo jókòó lé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Bí àwọn akọrin yòókù bá dákẹ́, èmi nìkan ni máa bọ́ síwájú, màá gbé ọwọ́ kan sáyà, màá sì kọ ọ́ títí gbogbo iṣan ọrùn mi á fi le. Bàbá mi wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kan páànù ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kano, nítorí náà kò sẹ́ni tó yẹ̀ mí wò lọ́jọ́ tí mo ní èmi ni máa máa dá orin. Ọ̀gá akọrin wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọrin tán tí mo bi í pé báwo ló ṣe rí, ohun kan náà ló máa ń sọ, pé ohùn mi lágbára. Èmi náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, mo gbà pé ó ń yìn mí ni.

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń lọ sópin, kásẹ́ẹ̀tì ti gba gbogbo Sabon Gari kan. Bí o bá ń lọ lójú títì, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ jáde. Ó bá sọ sí mi lọ́kàn pé àwa náà lè ṣe tiwa. Mo bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́, wọ́n gbà, wọ́n sì kéde rẹ̀ lórí àga ìwàásù pé kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ṣe ń bọ̀ nígbà ìkórè, pé èmi ni máa dá orin inú rẹ̀, àti pé yàrá mi ni a ti máa gbà á sílẹ̀. Ká má purọ́, kì í ṣe ìkórè ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn mi ní Òfà àti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí mo bá kú. Sítọ́ọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road ni mo ń tọ́jú, aṣọ ìbùsùn àti ọṣẹ ni mò ń kà látàárọ̀ dalẹ́. Yàtọ̀ sí orin yẹn, kí ni mo ní?

Owó sítúdíò gidi ò sí, torí náà ohun tó wà nílẹ̀ ni mo lò. Òtẹ́ẹ̀lì wa fẹ́ da fóòmù ìbùsùn mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní katifa, tó ti jẹrà, nù, mo gbà wọ́n, mo fi méjì dí fèrèsé, mo fi ọ̀kan dí ilẹ̀kùn. Mo ń tọrọ páálí ẹyin lọ́wọ́ àwọn kúùkù wa fún oṣù mẹ́fà gbáko, mo wá fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kí ohùn má bàa máa ta padà. Àṣé mo ń pe eku síbi àsè ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti jẹ ìdajì ògiri mi. Mo tún lẹ òmíràn, mo wá po ata mọ́ ẹ̀kọ náà.

Ibi tí a ti máa kọrin gan-an ni wọ́dúróòbù ìyàwó mi. Mo yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo jẹ́ kí àwọn aṣọ wà ní kíkọ́ kí wọ́n lè máa gbé ohùn mì, mo sì so máìkì mọ́ ọ̀pá agbòjò láàárín wọn. Téèpù tó ń gba ohùn sílẹ̀, ọwọ́ bàbá Hausa kan tó ń tún rédíò ṣe ní Gwagwarwa ni mo ti rà á, àlòkù ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbẹ́nu sún mọ́ máìkì yẹn, iná gbé mi létè, mo sì bá ara mi láàárín kaba àti ìró, tí mò ń gbọ̀n. Ìyàwó mi ló fà mí jáde. Òun náà ló ní kí n wọ sílípáàsì rọ́bà kí n sì dúró lórí ẹní, látìgbà náà iná ò gbé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń sè tà níwájú ilé. Lẹ́gbẹ́ akọrin, ẹ̀yìn mi gẹ́lẹ́ ló máa ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni ìjà wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí ń pariwo jù. Bí mo bá ti ń dá orin, kò ní jẹ́ kí n dá a. Á gbé e láti ẹ̀yìn, á gbé e ju tèmi lọ, etí mi á máa hó yee. Mo bá a wí títí, ó kàn máa ń sọ pé kí n má bínú. Gbogbo Mọ́ńdè ni ohùn rẹ̀ máa ń há, á máa se atalẹ̀ mu, èmi á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, màá bi í bóyá orin ló kọ lánàá ni àbí búrẹ́dì ló kiri.

Nígbà tí ọjọ́ tí a máa gba orin sílẹ̀ ń sún mọ́lé, mo wá sọ ọ́ ní gbangba pé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Mi ò ní jẹ́ kí ariwo rẹ̀ ba kásẹ́ẹ̀tì mi jẹ́.

“Ṣé ó dá yín lójú pé kí n má sí níbẹ̀?” ó bi mí.

Mo ní ó dá mi lójú. Lọ́jọ́ kejì ó tún bi mí, lọ́jọ́ kẹta ó tún bi mí. Inú wá bí mi, mo ní ṣé dandan ni kó wà nínú ohun gbogbo ni. Ó yíjú sí ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo mú, torí bàbá Hausa mìíràn tó ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa máa ń pa á tó bá ń lọ kírun, àkókò yẹn nìkan ni àdúgbò wa máa ń dákẹ́ lọ́sàn-án. Akọrin mẹ́jọ ló rọ́ wọ yàrá náà pẹ̀lú ọ̀gá wọn. Ooru mú bí inú ààrò. Mo sọ orí bọ inú wọ́dúróòbù, mo di ojú, mo sì kọ orin ìkórè tí ọ̀gá akọrin wa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Háà, mo kọ ọ́! Ìgbà tí mo parí, omi ti bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n dá téèpù padà, kí wọ́n ṣí i síta, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ.

Ohùn kan jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí orin wà, ó ń wá orin náà kiri, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gun òkè lọ, ó sì já bọ́. Mo wo ojú àwọn èèyàn láti mọ ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ọ̀gá akọrin ń ká wáyà kan tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí a máa ń bá sọ Yorùbá tí á máa fi Hausa dá wa lóhùn, yọjú láti ẹ̀yìn katifa.

“Baba, wane ne yake kuka?”

Ó ń bi mí pé ta ló ń sunkún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá gbà pé àwàdà ni. Ìgbà yẹn ni mo jókòó sórí àpò ìrẹsì. Àwọn akọrin ní ọjà ń dúró de àwọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kí ni ìbá tún jẹ́? Lọ́jọ́ kejì mo gbé téèpù náà lérí, ó di Gwagwarwa, mo bá bàbá tó tà á fún mi jà, mo ní ó tan mí jẹ. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kí àwọn èèyàn rẹ̀ sínú máìkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ohùn rẹ̀ jáde kedere, títí kan àgbò kan tó ń ké lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní lafiya lau, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ọkùnrin tó máa ń bá èèyàn ná ọjà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé mi lórí, ó sì sin mí dé ojú títì.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo délé. Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, mo sì bi í pé báwo ni ohùn mi ṣe rí.

Ó ní láti ọdún tí mo ti fẹ́ òun lòun ti mọ̀. Iwájú ni òun ń dúró sí tẹ́lẹ̀, òun sì ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi ìwé orin bojú, tí èjìká wọn ń gbọ̀n. Òun ló lọ bẹ ọ̀gá akọrin pé kó gbé òun sẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ náà lòun ti ń kọrin bò mí mọ́lẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ mi.

Mo rántí atalẹ̀, mo rántí gbogbo Mọ́ńdè yẹn.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Inú yín máa ń dùn,” ó ní. “Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni mo máa ń rí i tí inú yín ń dùn bẹ́ẹ̀.”

Ẹ má rò pé mo dúpẹ́ o. Inú bí mi, ojú sì tì mí débi pé mi ò jẹun rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, búrẹ́dì òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń jẹ. Ọ̀gá akọrin wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín yàrá mi, ó ní ẹnu òun ò lè gbà á láti sọ irú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní ó wá ń purọ́ fún mi pé ohùn mi lágbára. Ó ní irọ́ kọ́, ó lágbára lóòótọ́. Mo lé e jáde.

Ṣùgbọ́n ìkórè ò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti kéde. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ tún dé, mo kó àwọn akọrin jọ padà, mo lọ bá ìyàwó mi nídìí ìkòkò, mo ní kó nu ọwọ́ kó wọ inú wọ́dúróòbù. Ó wo ojú mi títí. Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó wọ ti rọ́bà, ó sì wọlé. Èmi lọ jókòó sídìí téèpù, mo tẹ̀ ẹ́.

Kò pariwo. Kò sí ẹni tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀, ó wá rọra kọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá obìnrin yìí gbé, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti pa ẹ̀rọ náà.

Ohùn tirẹ̀ ló dé Òfà. Èmi di ẹni tó ń tẹ téèpù. Jálẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn èèyàn ń wá gba orin sílẹ̀ nínú wọ́dúróòbù wa, àwọn mìíràn ń wá gba ohùn sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ kí ìyá wọn nílé. Mi ò dá orin mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo bà jẹ́ lọ́jọ́ kìíní, mo wá a títí kí n lè gba nǹkan mìíràn lé e, torí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wọ́n. Ìyàwó mi ní bóyá eku ti gbé e lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àwọn eku tó jẹ ògiri mi.

Ó pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí mo ń wá ìwé ìbí ọmọ wa nínú àpótí ìyàwó mi, ni mo bá rí kásẹ́ẹ̀tì náà, tí ó fi ìborùn wé e. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí èèyàn bá ṣẹ́ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó lè gba nǹkan lé e mọ́. Ó ti ṣẹ́ méjèèjì. Mo lọ fi í sínú ẹ̀rọ. Ohùn náà jáde, ó tún ń wá orin kiri. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi gbé ṣíbí sílẹ̀ níta. Ó gbé orin náà láti ìdí ìkòkò, ó gbé e ju tèmi lọ, bó ṣe máa ń gbé e ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò pa ẹ̀rọ náà. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi kọrin bò mí mọ́lẹ̀ tán.